Aago Tí Alákòóso Sún Síwájú

Mi ò lè rí aago tó ń purọ́ kí n dákẹ́. Àrùn mi nìyẹn, mi ò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá wọ ilé onílé, tí mo rí i pé aago ara ògiri fi ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́ra, ara á máa yún mi títí n ó fi bèèrè àga tí mo lè gùn. Ìyàwó mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, màá kọ́kọ́ yẹ aago ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sin mí wò kí n tó gbà kó bo ojú mi.

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni mò ń tú. Ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ra tuntun á ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá kó àwọn ògbólógbòó kúrò lójú òun. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wá nínú wọn ni bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè lọ. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí iná bá lọ. Bí bátìrì yẹn bá kú, tí iná sì lọ, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ọjọ́ tó wà pátápátá, á padà sí ọjọ́ tí wọ́n dá a sáyé, á máa wo èèyàn bí ọmọ tuntun.

Mo ní òfin fún bátìrì. Bí mo bá ti yọ ọ́, màá fi òwú gbígbẹ nù ún, màá fi mítà wọn agbára tó kù nínú rẹ̀. Màá lẹ téèpù mọ́ iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó má bàa fara kan irin kó sì máa jẹ ara rẹ̀ tán níbi tó jókòó sí. Orí téèpù yẹn ni mò ń kọ ọjọ́ tí mo yọ ọ́ sí, pẹ̀lú agbára rẹ̀, kí n tó tò ó sínú kréètì ẹyin. Àwọn kréètì náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí oòrùn kì í dé. Èyí tó bá ti kú ń lọ sínú agolo oníyanrìn nísàlẹ̀ tábìlì, nítorí òkú bátìrì míì a máa sun omi, omi náà ò sì dára fún ohunkóhun.

Ohun tó máa ń kẹ́yìn iṣẹ́ mi ni aago. Bí mo bá fi bátìrì sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà, mi ò ní dá a padà láìjẹ́ pé mo wo aago ọwọ́ mi, mo tẹ wákàtí, mo tẹ ìṣẹ́jú, mo dúró kí ìṣẹ́jú tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an, mo wá fi í pamọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n débi pé kì í bèèrè lọ́wọ́ orí mi mọ́.

Aago kan ṣoṣo ni wọ́n kà léèwọ̀ fún mi láyé yìí, inú ilé mi ló sì wà.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n bó bá sọ fún ọ pé aago mẹ́wàá ni kí o wá gba aṣọ rẹ, múra sílẹ̀ de aago méjìlá. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin. Láti ìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀ ló ti ń pàṣẹ fún wa, ìwọ jókòó síbí, ìwọ má jẹ ìyẹn, la bá sọ ọ́ ní Alákòóso. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Èmi di Bàbá Alákòóso, ìyá rẹ̀ di Ìyá Alákòóso, kódà àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé orúkọ míì tí a ń jẹ́.

Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó gba kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú yàrá ìránṣọ kí ìyá rẹ̀ lè máa kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló fi ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún sún aago inú rẹ̀ síwájú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Odidi oṣù kan ni ìyàwó mi ò fi já oníbàárà kankan kulẹ̀. Ó ń yangàn kiri ilé pé òun ti yí padà. Èmi ni mo tú àṣírí, nítorí mo wọ yàrá náà, mo wo aago ọwọ́ mi, mo sì na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù.

Alákòóso di ọwọ́ mi mú. "Bàbá mi, gbogbo aago ayé ni tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀ fún wa."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti fi irọ́ sọ òun di olóòótọ́. Bó sì ti mọ̀ tó yẹn, aago náà ló ṣì ń bá rìn.

Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú Alákòóso lọ. Mi ò ní fa ìyẹn gùn. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwa la sin tiwa. Lẹ́yìn náà, àwọn ará àdúgbò ò mọ ohun tí wọ́n á máa pè wá mọ́. Wọ́n á ní "Bàbá," wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá ní "Oníbátìrì." Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ò gbà. Ẹni tó bá pè é ní Ìyá Aránṣọ lè pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dá a lóhùn.

"Mo lórúkọ," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí maṣíìnì, á tan kọ̀ǹpútà náà, á gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wo méjèèjì. Ó tó ọdún kejì kí n tó bi í pé kí ló ń wò.

"Mọ́kàndínlógún ló fi ṣíwájú wa nígbà yẹn," ó ní. "Ó ti di méjìdínlógún báyìí."

Mo ṣe ojú ọ̀mọ̀wé. Mo ṣàlàyé fún un pé aago inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í péye, pé bó ti ń dàgbà ló ń lọ́ra, pé ìṣẹ́jú kan lọ́dún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó gbọ́ mi jálẹ̀.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń dúró dè wá ni. Ó ti rìn síwájú, ó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ẹsẹ̀ wa ò yá, ló wá ń rọra rìn. Lọ́jọ́ tí òun àti fóònù mi bá dọ́gba, a ti bá a nìyẹn."

Mo fẹ́ sọ pé aago kì í dúró de èèyàn. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Kí n má tan ara mi jẹ, láti ọjọ́ náà lèmi náà ti ń bèèrè láràárọ̀ pé mélòó ló kù, bí ẹni ń bèèrè bóyá ọmọ sùn dáadáa.

Ọdún kẹfà ló ku mẹ́rìnlá. Ọdún yẹn náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú ara rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, pé bátìrì òun ń kú lọ.

Ìyàwó mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù ìwọn lọ́rùn. Kì í wá síbẹ̀. Ó ní òórùn iṣẹ́ mi máa ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí.

"Bàbá Alákòóso, bí bátìrì yẹn bá kú, kí lẹ lè ṣe?"

"Bó bá kú, tí iná sì lọ, aago á padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn."

"Kó tó kú ńkọ́?"

"Kó tó kú, mo lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láì jẹ́ kí aago mọ̀ rárá."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó mọ ẹni tó fẹ́. "Ẹ búra fún mi. Bátìrì nìkan. Ẹ ò ní fọwọ́ kan aago náà."

"Ọmọ tèmi náà ni, Ìyá Alákòóso."

"Mo mọ̀. Ẹ búra."

Mo búra.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá bátìrì. Tuntun tí wọ́n ń tà lóde kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó lè yọ ayọ̀ lónìí kó dákú lọ́túnla. Mo tú kréètì mọ́kànlá kalẹ̀, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé orí ọ̀kan tí mo yọ nínú kọ̀ǹpútà kan tí ilé ìkàwé rà tí wọn ò sì tàn rí. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀, mo wọ̀n ọ́n lálẹ́, mo tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Mítà ò yẹ̀. Mo fi aṣọ funfun dì í bí ẹyin.

Wàhálà kejì ni pé iná kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí iná, èèyàn lè yọ bátìrì rẹ̀ kí aago má kú, iná lá máa gbé e. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ọwọ́ kan yọ ògbólógbòó àti ìgbà tí ọwọ́ kejì tẹ tuntun bọ̀ ọ́, ó tán. Nítorí náà mo mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, mo fi òjé yíyọ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí bátìrì ń jókòó, mo so bátìrì kẹta mọ́ ìparí wọn. Alágbàtọ́ ni mò ń pe irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Òun lá gbé aago dání títí tí tuntun á fi jókòó.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Mo fi ìka kan ti àgékù irin tó di ògbólógbòó bátìrì mú, bátìrì náà fò sókè díẹ̀, mo yọ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni iná lọ.

"Yéè!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Dákẹ́. Alágbàtọ́ wà níbẹ̀."

Mo tẹ tuntun bọ ibi tó yẹ kó wà. Mo gé wáyà kúrò. Kò sí ohun tó kù ju ká dúró de iná, nítorí láìsí iná a ò lè mọ̀ bóyá aago yè é tàbí kò yè é. La bá jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àkísà aṣọ, ẹ̀yìn wa sí ara ògiri. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, a sọ̀rọ̀ Alákòóso láìsunkún. Ó rán mi létí ọjọ́ tí ọmọ wa fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ tó fọwọ́ sí, nítorí pé mo gbé bátìrì sórí tábìlì oúnjẹ. Mo ní ìwé ìkìlọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní irọ́ ni. Mo yọ ọ́ nínú pọ́ọ̀sì mi fún un, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi orí lé èjìká mi. Bí wọ́n bá ní kí n yan wákàtí kan padà nínú ayé mi, ìyẹn ni n ó yàn.

Oníbàárà kan wá kan ilẹ̀kùn ìta. Ìyàwó mi dìde lọ bá a. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí iná fi dé.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Mo wọ ibi tí aago wà nínú rẹ̀. Ó kọ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ọwọ́ mi, mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mẹ́rìnlá! Ó wà láàyè. Ayọ̀ sọ mí di òmùgọ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń fi èékánná lu tábìlì, mò ń ro bí ìyàwó mi ṣe máa pariwo tó bá wọlé. Mo yin ara mi, kí n sọ òtítọ́. Iṣẹ́ ti parí. Ibi tí iṣẹ́ bá sì ti parí, ọwọ́ mi mọ ohun tó kàn. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo tẹ mẹ́wàá, mo tẹ méje, mo dúró kí ìṣẹ́jú tuntun bẹ̀rẹ̀, mo fi í pamọ́.

Kọ̀ǹpútà kú, ó tún tàn. Ìgbà yẹn ni orí mi tó dé ibi tí ọwọ́ mi wà.

Mo jókòó, mo ń wo ìka mi. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ká ní ọba wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni n ò bá nà sí i. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ tó ṣì ń rìn láyé, mo ti dá a dúró, kì í sì í ṣe bátìrì ló pa á, kì í ṣe iná. Èmi ni.

Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń sọ fún oníbàárà pé ó dàbọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún wọ inú ibi tí aago wà, mo fi mẹ́rìnlá kún un. Kódà nínú ìbẹ̀rù yẹn, ọwọ́ mi tún dúró de ìṣẹ́jú tuntun.

Ó wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Mẹ́rìnlá," ó ní, ohùn rẹ̀ já. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọwọ́ yìí."

Mo gbé ògbólógbòó bátìrì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jù ú sínú agolo oníyanrìn bí òfin mi ti wí, mi ò sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Láràárọ̀ ni mò ń bèèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa pé mélòó ló kù, láràárọ̀ ló ń dáhùn pé mẹ́rìnlá. Kì í wò mí tó bá ń dáhùn. Èmi tí mò ń gun àga ilé onílé nítorí irọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbé irọ́ mẹ́rìnlá sílé ara mi, mò ń kí i láràárọ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Ó ń rán apá ẹ̀wù kan lọ́wọ́.

"Ìyá Alákòóso, mo fọwọ́ kàn án."

Kò dá maṣíìnì dúró. Ó rán apá náà dópin, ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú tirẹ̀ máa ń yí ṣáájú ti fóònù mi. Èèyàn lè ka ení, èjì, títí dé ogún, kí fóònù tó yí. Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn méjèèjì ń yí." Ó wò mí. "Ẹni tó péye tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni."

Mo fi ara ti férémù ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ní mi ò ronú rárá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo ní bí mo bá rí ohun tí mo lè fi rà á padà, n ó rà á. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Kí ló dé tí o ò bá mi wí láti ọjọ́ yẹn?" ni mo bi í.

"Mò ń retí pé kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Mo ní bí ẹ ò bá sọ ọ́, á jẹ́ pé ẹni méjì ni mo pàdánù."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Kò wá bá mi, mi ò sì bá a wí. Nígbà tó yá, ó bèèrè pé níbo ni ògbólógbòó bátìrì wà.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì ju òkú míì lé e láti ọjọ́ yẹn, òun ló wà lókè yanrìn pátápátá. Mo gbé òun àti mítà wá fún un, mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Kò tán. Kò kàn tó gbé aago mọ́ ni."

Ó na ọwọ́ sínú àpò ẹ̀wù mi, ó mú téèpù tó máa ń wà níbẹ̀. Ó fi òwú nu bátìrì náà, ó lẹ téèpù mọ́ iwájú rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ yíká bó ti máa ń tẹ ìṣẹ́tí aṣọ. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń wo bí mo ṣe ń ṣe é nílé láti ọdún gbọọrọ wá.

"Ẹ kọ ọjọ́ sí i."

Mo kọ ọjọ́ tí mo yọ ọ́. Ó gbà á, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí bọ́tìnnì rẹ̀, láàárín àwọn bọ́tìnnì tó jọ ọ́. Nígbà tí mo bèèrè pé kí ni kí n ṣe sí aago, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà nínú yàrá ìránṣọ. Ìyàwó mi kì í tàn án mọ́. Ó ra ìwé kan, inú rẹ̀ ló ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ó sì tún ti ń já wọn kulẹ̀. Bó bá sọ fún ọ pé aago mẹ́wàá, múra sílẹ̀ de aago méjìlá.

Èmi náà ṣì ń tú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi bátìrì sínú ti oníbàárà báyìí, mo máa ń ká ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo máa ń bèèrè pé: "Ṣé kí n tún aago rẹ̀ ṣe?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan wà tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá Oníbátìrì, ta ló ń fẹ́ aago tí kò péye?" Mo ní kó ṣáà dá mi lóhùn.